Bí A Ṣe Lè Kó Ọ̀rọ̀ Ìpẹja àti Ọ̀rọ̀ Ọdẹ Jọ ní Ẹ̀pẹ́: Ẹ̀kọ́ Láti Ara Èdè Yurok

Ìwé kan wà nínú àpótí mi tí mo kọ orúkọ ẹja, orúkọ ẹran ìgbẹ́ àti orúkọ irinṣẹ́ apẹja sí láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn, síbẹ̀ tí n kò lè fi kọ́ ọmọ kankan ní ohunkóhun. Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti kọ ọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá kan tí ó ti ń ta ẹja láti ìgbà tí kò tíì relé ọkọ. Màmá ń sọ̀rọ̀, àwọn oníbàárà ń pè é, ó ń dá wọn lóhùn, èmi sì ń sáré kọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ má baà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Nítorí ìsáré yẹn, n kò fi àmì ohùn kan ṣoṣo sí i, bẹ́ẹ̀ ni n kò fi àmì sábẹ́ lẹ́tà kankan. Nígbà tí mo délé tí mo ṣí i, mo bá gbólóhùn kan níbẹ̀ nípa ọkọ rẹ̀ olóògbé: “Baba mu oko, o mu aje, o wo oko lo.” Ṣé ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń gún ẹja ni Bàbá kọ́kọ́ mú, tí ó sì wọ ọkọ̀ lọ sórí omi? Tàbí ọkọ́ ni ó gbé, tí ó ń lọ sóko? Ní ti “aje” yẹn, àjẹ̀ tí a fi ń wa ọkọ̀ ni mo rò pé Màmá sọ, ṣùgbọ́n bí ìwé mi bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, yóò kà á pé Bàbá gbá àjẹ́ lọ́wọ́ mú lọ sódò.

Ìlànà tí mo fẹ́ là sílẹ̀ níhìn-ín wà fún olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹnikẹ́ni tí ó ní òbí tàbí ará àdúgbò tí ń pẹja tàbí tí ń ṣọdẹ, tí ó sì fẹ́ kó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn jọ kí ó má baà ṣubú sínú irú kòtò tí mo ṣubú sí. Ẹ̀pẹ́ ni mo mọ̀, nítorí náà Ẹ̀pẹ́ ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ará Ìkòròdú tàbí ará Àgbádárìgì lè lò ó bákan náà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni mo rí kọ́ nígbà tí mo ń ka nípa èdè kan tí ó jìnnà sí wa gan-an, èdè Yurok.

Ọmọ onílẹ̀ ni àwọn Yurok ní àríwá-ìwọ̀-oòrùn Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà, ní etí odò Klamath àti létí òkun Pàsífíìkì tí odò náà ń ṣàn sí. Ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún wọn lọ gbọọrọ bí okùn: máìlì kan ní ẹ̀bá ọ̀tún odò, máìlì kan ní ẹ̀bá òsì, fún nǹkan bí máìlì 44 láti ẹnu odò wọ inú ilẹ̀. Ẹni tí ó bá wò ó lórí máàpù kò nílò alálàyé kí ó tó mọ̀ pé orí odò ni ayé wọn dúró lé. Kódà orúkọ tí ayé fi mọ̀ wọ́n, ọ̀dọ̀ àwọn Karuk tí ó jẹ́ aládùúgbò wọn ní òkè odò ni ó ti wá, “ìsàlẹ̀ odò” sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Archie Thompson, tí wọ́n kà sí ẹni ìkẹyìn tí ó fi èdè náà dàgbà láti kékeré, kú ní ọdún 2013 ní ẹni ọdún 93. Síbẹ̀ wọ́n ń kọ́ ọmọ ní èdè náà ní ilé-ẹ̀kọ́ lónìí, nítorí pé àwọn àgbà wọn ti gbà láti jókòó ti àwọn tí ń kọ ọ́ sílẹ̀, láti ìgbà tí A. L. Kroeber ti yunifásítì Berkeley ti ń gba ohùn wọn sórí ìda, tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ nígbà náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, títí dé iṣẹ́ ìwé atúmọ̀-èdè tí Andrew Garrett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì kan náà ní ọdún 2001.

Ẹnìkan lè sọ pé Yorùbá kò tíì dé ibẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kì í dúró de ikú èdè kí ó tó kú. Ọmọ tí ó fi ẹ̀ńjìnnì Yamaha jáde láti èbúté kò ní ìdí láti mọ ohun tí bàbá rẹ̀ àgbà ń pe ibi tí a ti ń di àjẹ̀ mú, ẹni tí ó sì ra àwọ̀n ọ̀rá tí wọ́n ti hun tán kò ní ìdí láti mọ orúkọ ohun tí wọ́n fi ń wọn ojú àwọ̀n nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ hun ún.

Ọ̀rọ̀ ìkọsílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Àwọn Yurok jìyà èyí dáadáa: Kroeber kọ èdè náà ní ọ̀nà tirẹ̀, R. H. Robins tí ó tẹ ìwé gírámà rẹ̀ jáde ní ọdún 1958 kọ ọ́ ní ọ̀nà mìíràn, wọ́n tún lo álífábẹ́ẹ̀tì kan tí ń jẹ́ Unifon ní ilé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n tó dé orí èyí tí wọ́n ń lò nísinsìnyí. Ìdí nìyẹn tí ẹja sámọ́nì fi jẹ́ nepuy nínú ìwé kan, tí ó sì jẹ́ ney-puy nínú òmíràn. Tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìlànà ìkọsílẹ̀ ti wà. Ohun tí a kù sí ni pé a kì í tẹ̀lé e. Kí àmì ohùn wà lórí ọ̀rọ̀ kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tí ó sọ ọ́. Bí ohùn ọ̀rọ̀ kan kò bá dá yín lójú, ẹ ní kí ẹni náà kùn ún láìla ẹnu, bí ẹni ń kọ orin. Dò, re, mí rẹ̀ yóò jáde kedere, ẹ ó sì kọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lórí fóònù, Gboard, ìyẹn pátákó ìtẹ̀wé ti Google, ní Yorùbá nínú, ó sì ń jẹ́ kí a lè fi àmì sí i láìsí wàhálà. Ẹ má ṣe sọ pé òye yóò yé òǹkàwé: ọdẹ ń ro ẹ̀tù sínú ìbọn, ó ń fi pa ẹtu nínú igbó, ó sì lè fi pa ẹtù, ìyẹn awó. Bí ẹ bá yọ àmì kúrò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwọ̀ tí a fi ń mú ẹja náà ń bẹ níbẹ̀, pẹ̀lú ìwo orí ẹran àti ìwọ tí à ń bá sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ìṣe ni kí ẹ béèrè kí ẹ tó béèrè orúkọ. Mo gbà pé ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ àkójọ ti ń bàjẹ́. A máa ń dúró níwájú àgbà bí ọlọ́pàá, a ó na ìka sí nǹkan, a ó ní, “Kí ni ẹ ń pe èyí?” Orúkọ nìkan ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń mú wá, àgbà náà yóò sì tètè sú. Ẹ kí wọn dáadáa ná, kí ẹ wá sọ pé, “Bàbá, láti ìgbà tí ẹ bá jí títí ẹ ó fi padà sí èbúté, kí ni ẹ máa ń ṣe?” Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni yóò máa tú jáde: wọn a gbọ́n omi inú ọkọ̀ dànù, wọn a tu ọkọ̀ lọ, wọn a dẹ àwọ̀n tàbí kí wọ́n jù ú, wọn a ri ìgèrè sábẹ́ koríko, wọn a sọ ìwọ̀ sómi, wọn a padà wá yẹ̀ ẹ́ wò, wọn a tú ẹja kúrò lójú àwọ̀n. Orúkọ gbogbo irinṣẹ́ wọ̀nyẹn yóò tẹ̀lé ìṣe wá fúnra rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré yìí, dẹ. À ń dẹ àwọ̀n, à ń dẹ ìgèrè, à ń dẹ tàkúté, à ń dẹ ebìtì. Ẹni tí ó ń dẹ ìgbẹ́ ni ọdẹ. Ẹni tí ó ń dẹ odò ni àwọn àgbà ń pè ní adẹdò. Ekòló tí a fi sẹ́nu ìwọ̀ láti fi tan ẹja, ìdẹ ni. Ẹni tí ó bá kó orúkọ nìkan jọ yóò pín ìwé rẹ̀ sí ọ̀nà méjì, apẹja lọ́tọ̀, ọdẹ lọ́tọ̀, kò sì ní mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n nínú ọ̀rọ̀-ìṣe. Yurok náà ní irú rẹ̀. Ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí “jẹ” ni nepuy, orúkọ sámọ́nì, ti yọ, bí ìgbà tí a bá sọ pé “èyí tí à ń jẹ”. Bí ẹ bá rántí bí àwọn ènìyàn wa ṣe máa ń sọ pé àwọn kò tíì jẹun, nígbà tí ó jẹ́ pé òkèlè nìkan ni wọn kò tíì jẹ, ẹ ó mọ ipò tí sámọ́nì wà lójú àwọn Yurok. Orúkọ lásán kò lè sọ èyí fún wa bí a kò bá kọ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bí i mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ tí a fi ń júwe ìhà tí a dojú kọ ni ó tẹ̀ lé e, ó sì rọrùn láti gbàgbé. Àwọn Yurok kì í fi ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn júwe ọ̀nà bí odò bá wà nítòsí. Pul ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn fún ìsàlẹ̀ odò, pets sì ni ti òkè odò, odò náà sì máa ń yí, tó bẹ́ẹ̀ tí “òkè odò” lè kọjú sí ìhà kan lábúlé yìí, kí ó kọjú sí ìhà mìíràn ní abúlé kejì. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jáde nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ẹ bá Bàbá wọ ọkọ̀, bí àyè bá wà, kí ẹ sì wọ aṣọ amúniléfòó. Ẹ ní kí ó máa sọ ibi tí ó dojú kọ fún yín. Nígbà náà ni ẹ ó gbọ́ bí apẹja ṣe ń fi ìyàtọ̀ sáàárín ọ̀sà àti òkun, etí omi àti agbami, ibi tí ìgbì ti ń jà àti ibi tí omi ti dákẹ́, àti bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa omi iyọ̀ tí ń wọlé lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn tí òjò sì ń lé padà. Ẹ béèrè orúkọ tí wọ́n sọ ewéko tí ń léfòó tí ó gba ojú omi wa kan láti apá Àgbádárìgì ní ọdún 1984. Àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ ṣì wà láyé, wọ́n sì lè sọ ìdí tí wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀, àǹfààní tí a kì í sábà ní lórí ọ̀rọ̀ àtijọ́.

Ní ti kíka iye nǹkan, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Nínú èdè Yurok, nọ́ńbà máa ń pa ara dà gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ń kà bá ṣe rí: ènìyàn ní tirẹ̀, ẹranko ní tirẹ̀, ọkọ̀ ní tirẹ̀, ohun gígùn àti ohun róbótó náà ní tiwọn. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo bí Màmá ṣe ń ka ẹja lórí igbá: èyí ní ẹyọ, èyí ní òkìtì, èyí ní agbọ̀n. Ẹ kọ irú ẹja tí ó ń tẹ̀lé ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà náà ni kí ẹ tó wá sórí orúkọ ẹja. Ẹ má ṣe gbà pé orúkọ kan ni ẹja kan ń jẹ́ káàkiri etí omi, bẹ́ẹ̀ ni ẹ má ṣe gbà pé ẹja méjì tí ó jọra ni orúkọ wọn dọ́gba. Àwòrán ni yóò parí ìjà: ẹ ya ẹja náà ní ẹ̀gbẹ́, ẹ ya orí rẹ̀, ẹ ya ìrù àti lẹbẹ rẹ̀, kí ẹ sì fi rúlà tàbí bírò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ìwọ̀n rẹ̀ lè hàn. Ẹ tún béèrè ohun tí ọwọ́ mọ̀. Nígbà tí mo padà lọ sí Olúwo, mo na ọwọ́ sí ọ̀bọ̀kún kan tí ó ṣì ń mí nínú abọ́, Màmá sì gbá ọwọ́ mi dànù. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá há ẹja náà lẹ́yìn lẹbẹ méjèèjì, ó gbé e sókè, ó fi ẹ̀gún tí ó nà ṣánṣán ní ẹ̀yìn rẹ̀ àti méjì tí ó yọ sí ẹ̀gbẹ́ hàn mí, ó ní, “Ẹní bá fi pẹlẹbẹ ọwọ́ mú ọ̀bọ̀kún, ilé ni yóò ti sunkún.” Ó wá tọ́ka sí àrọ̀ tí ó wà nínú abọ́ kejì, tí kò ní ìpẹ́ kankan lára, ó ní ìyẹn lè wà láìsí omi títí a ó fi délé, kò ní kú. Èpìyà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn gbólóhùn mẹ́ta yìí fi ìyàtọ̀ sí ẹja mẹ́ta ju orúkọ tí mo kọ sí ìwé àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ má sì fo orúkọ ẹja tí wọ́n ní àwọn kò rí mọ́. Àwọn Yurok ní kwor-ror, ẹja kékeré ọlọ́ràá kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá nínú odò Klamath, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kaa-ka, ẹja ńlá tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le bí egungun, àti key-ween, ẹja gígùn bí ejò tí kò ní àgbọ̀n, tí wọ́n máa ń dúró létí òkun fi igi oníkọ́ fà jáde nígbà tí ó bá ń wọ ẹnu odò. Ní ọdún 2024, wọ́n parí wíwó ìdídò mẹ́rin tí ó ti dí ọ̀nà odò náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, sámọ́nì sì tún gòkè kọjá ibẹ̀ lọ́dún náà. Orúkọ tí ó wà nínú ìwé ń dúró de ẹja.

Ọ̀dọ̀ ọdẹ yàtọ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja. Apẹja a máa sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe ní ọ̀sán, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣófo. Ọdẹ kì í fẹ́ kí a máa wo òun lẹ́nu. Ẹ kí i pé “Àrìnpa o” kí ẹ tó jókòó. Ẹ bi í nípa ipa ẹsẹ̀ ẹranko, nípa ègùn tí ó ń gùn láti dúró de ẹran, nípa bí ó ṣe ń mọ ojú ẹtu yàtọ̀ sí ojú ìgalà nínú ìmọ́lẹ̀ àtùpà lóru. Ẹ má ṣe bi í léèrè ọfọ̀, bí ó bá sì fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ẹ bi í bóyá kí ẹ pa fóònù. Bàbá kan ti sọ fún mi rí pé, “Pa ẹ̀rọ yẹn ná, ọmọ mi,” mo sì pa á. Ọ̀rọ̀ tí a kì í pè lóru, bí ejò tí à ń pè ní okùn, ẹ kọ méjèèjì, ẹ sì kọ ìgbà tí à ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn Yurok náà ní èèwọ̀ ẹnu: wọn kì í dárúkọ òkú láìnídìí, ẹni tí ó bá sì ṣe é lè san owó ìtánràn fún ẹbí. Nípa ẹran tí òfin dáàbò bò, irú bí akíkà tí àdéhùn àgbáyé ti fi òfin de òwò rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè láti ọdún 2017, orúkọ rẹ̀ ni à ń wá; ẹ má ṣe bẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀ kí ó lọ pa á wá fún àwòrán.

Sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ibi tí ẹ ti gbọ́ ọ àti irú ènìyàn tí ó sọ ọ́. Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe ẹnu kan: Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ wà, Èkó Ẹ̀pẹ́ náà wà, tí ó jẹ́ ìran àwọn tí ó bá Ọba Kòsọ́kọ́ wá lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó ní ọdún 1851, àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ẹ̀gùn sì wà lórí omi kan náà. Bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá dọ́gba, ẹ má ṣe yan èyí tí ó wù yín. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ gba ohùn náà sílẹ̀, ẹ dárúkọ ọjọ́ àti ibi ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sí ibòmíràn yàtọ̀ sí fóònù, nítorí pé fóònù tí a ń gbé wọ ọkọ̀ kì í pẹ́ rì.

Nígbà tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ gbé e padà lọ fún ẹni tí ó sọ ọ́, kí ẹ kà á sókè sí i létí, gbólóhùn kan lẹ́yìn ìkejì, kí ẹ sì dúró lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún Bàbá kan tí ó jókòó sórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ní etí omi. Ó gbọ́ ọ títí, ó ń mi orí, àfi ìgbà tí mo kà á pé, “Bàbá ju àwọ̀n sínú omi,” ó gbé ọwọ́ sókè. “Èmi kọ́,” ó ní, “ọmọ mi ni ó ń ju tirẹ̀. Èmi, mò ń dẹ ẹ́ lálẹ́, mo sì ń lọ wò ó láàárọ̀.” Mo fa ìlà lórí “ju”, mo kọ “dẹ” sókè rẹ̀, mo fi àmì sábẹ́ ẹ, mo sì kà á lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó lè gbọ́.